Ojú Ihò Ráàmù Tí Ó Kọṣẹ́: Ìwádìí, Àtúnṣe àti Ìlò Èdè Nínú Ìyàrá Kọ̀ǹpútà Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ìfáárà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ìyàrá kan wà tí a kọ "Kọ̀ǹpútà" sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí a bá wọlé, a ó bá àwọn ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ níwájú, a ó sì bá àwọn mìíràn lẹ́yìn tí a fi aṣọ bò, tí eruku sì ti bo aṣọ náà. Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ nípa àwọn ti ẹ̀yìn yìí kò ju méjì lọ: "Kò tàn mọ́" tàbí "Bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jó." Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń fọhùn báyìí ni ó ti tú ẹ̀rọ náà wò.

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni ọ̀kan lára àwọn àìsàn kọ̀ǹpútà tí ó rọrùn jù láti ṣì mú fún òmíràn, èyí ni kí ojú ihò tí a ń ki ráàmù bọ̀ kọṣẹ́. Bí ojú ihò kan bá kú, ẹ̀rọ lè ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni ó kú. Owó tí a ó fi ra ọ̀tun yóò jáde, ọmọ mẹ́ta yóò máa pín bọ́tìnì kan náà tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ náà nílò kò ju kí a yọ ráàmù kúrò ní ojú ihò kan kí a sì tì í bọ èkejì.

Òǹkàwé lè bèèrè ohun tí ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn wá ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni pé láti ọdún 2013 ni àjọ JAMB ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún ìdánwò ìgbaniwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nígbà tí ó sì di ọdún 2015, ìdánwò orí ìwé ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Yorùbá wà lára àwọn iṣẹ́ tí a ń ṣe nínú ìdánwò náà. Ọmọ tí kò bá rí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn ní ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́kọ́ máa wá ibi tí máòsì wà ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó máa wá ìdáhùn. Èkejì ni ti èdè fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, àti ìpín kejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú fún ní ọdún 1990, dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò sí lára ohun tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni a fi èdè apá ibẹ̀ sílẹ̀ fún, àwọn náà kò sì dúró dè wá.

Ọ̀nà Tí Àwọn Ẹ̀rọ Náà Ń Gbà Dé

Èbúté Àpápá àti ti Tin Can ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ń gbà wọ Nàìjíríà. Láti ibẹ̀, ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì ni ó gbé wọn kọjá Mile 2, Cele, Ìlasamàjà àti Ìsọlọ̀, kí wọ́n tó dé Òṣòdì, kí òmíràn nínú wọn sì tó yà sí ọjà kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Ìkẹjà. Ẹni tí ó bá ń gbé Máfolúkù, Ọ̀kọ́tà tàbí Òkè-Àfà mọ̀ pé ẹrù tí ó bá gba ọ̀nà yìí kọjá kì í ṣaláì gbọ̀n. Ìgbọ̀nrìrì yìí gan-an wà lára ohun tí ó ń mú ráàmù yẹ̀ ní ojú ihò rẹ̀.

Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn kan jáde lórí ẹrù ẹ̀rọ àlòkù tí ń wọ Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí àpótí ẹrù ńlá 500 ni ó ń wọlé lóṣooṣù. Wọ́n sì gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó wà nídìí òwò náà ní Èkó pé nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù yìí ni kò ṣe é tà, tí kò sì ṣe é tún ṣe kí owó àtúnṣe má ju owó ẹ̀rọ lọ. Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ gbé òfin kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ oníná, èyí tí àjọ NESREA ń mú ṣẹ. Ohun tí a fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn nínú gbogbo èyí ni pé ẹ̀rọ tí ó wà ní ìyàrá kọ̀ǹpútà wa lè ti lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ọ́fíìsì kan ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ní i ti tú u rí. Ẹni tí ó tà á fún wa náà ti tú u.

Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti Dell OptiPlex GX270 àti GX280, tí ó wọ́pọ̀ lórí tábìlì ọ́fíìsì káàkiri àgbáyé nígbà náà. Àwọn kàpásítọ̀ inú bọ́ọ̀dù wọn a máa wú lórí, omi a sì máa sun jáde lára wọn. Ní ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ Dell ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀, ráàmù ni yóò kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé iná tí kò dúró déédéé a máa mú kí ráàmù ṣe bí aláìsàn. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ kan ojú ihò kankan, kí a tan iná tọ́ọ̀ṣì yí bọ́ọ̀dù náà ká, kí a wo orí àwọn kàpásítọ̀. Èyí tí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ ni ó dára. Èyí tí ó bá wú, tí ó sì ń sun omi aláwọ̀ igi, òun ni kí a bá wí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bí Ráàmù àti Ojú Ihò Rẹ̀ Ṣe Rí

Bí a bá fi kọ̀ǹpútà wé olùkọ́ tí ó jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù tí ó ń kó ìwé sí ni díìsìkì, ráàmù sì ni orí tábìlì. Ìwé tí ó ń lò lọ́wọ́ ni ó wà lórí tábìlì. Bí ọjọ́ bá sì rọ̀, a ó palẹ̀ tábìlì mọ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ráàmù: bí iná bá ti lọ, kò rántí ohunkóhun mọ́. Bí kò bá sí tábìlì rárá, olùkọ́ náà kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà tí kò bá rí ráàmù rẹ̀ kò fi ní í gbé ohunkóhun sójú mọnítọ̀.

Ráàmù jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ kan tí ó ní àwọn ìlà aláwọ̀ wúrà létí. Ojú ihò jẹ́ kòtò tóóró tí ó gùn, tí àwọn irin tín-ín-rín tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn sì ń fò padà bí ìrin inú bẹ́ẹ̀dì. Ìlà wúrà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kan irin tirẹ̀ ṣinṣin. Iye ìlà yìí ń yí padà láti ìran dé ìran. Ráàmù SDRAM ní 168, DDR ní 184, DDR2 àti DDR3 ní 240, DDR4 àti DDR5 sì ní 288. Agbára iná tí wọ́n ń gbà yàtọ̀ pẹ̀lú: fọ́ltì 2.5 fún DDR, 1.8 fún DDR2, 1.5 fún DDR3, 1.2 fún DDR4. Kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀kan sí ojú ihò òmíràn, wọ́n gé àpá kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ráàmù, wọ́n sì fi èèkù kan sí inú ojú ihò tí yóò bá àpá náà mu. DDR2 àti DDR3 gùn bákan náà, iye ìlà wọn sì dọ́gba, ṣùgbọ́n ibi tí àpá wọn wà kò bára mu. Ẹni tí ó bá fi agbára tì í wọlé yóò ba méjèèjì jẹ́. A mẹ́nu bà á nítorí pé a máa ń rí ojú ihò tí èèkù rẹ̀ ti kán.

Ohun Tí Ó Ń Ba Ojú Ihò Jẹ́

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Eruku ọyẹ́ ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ, èyí tí ó máa ń jókòó sínú ihò tí a kò fi nǹkan dí. Ọ̀rinrin ojú ọjọ́ Èkó tẹ̀ lé e: ó ń mú kí ara irin dúdú, tí iná kò fi ní í kọjá dáadáa. Aáyán, èèrà àti ọmọńlé a máa wọ inú ẹ̀rọ tí a kò dé ẹ̀yìn rẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wọn a sì máa jẹ irin. Lẹ́yìn èyí ni iná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, pàápàá bí ó bá padà dé pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ jù nígbà tí kò sí sítébíláísà láàrin. Ọwọ́ èèyàn ni ó kù, òun ni a sì rò pé ó burú jù. Ẹni tí ó bá ti ráàmù wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀ lè tẹ irin kan mọ́lẹ̀, irin kan péré nínú 240, èyí sì ti tó.

Àwọn kan a máa fi abẹ́rẹ́ tàbí ẹnu ọ̀bẹ ha inú ihò kí ó lè mọ́. Àwọn mìíràn a fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Kí a má ṣe dán èyíkéyìí wò.

Bí A Ṣe Ń Wádìí Rẹ̀

Àmì àìsàn yìí kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ̀rọ lè tan iná kí fáànù rẹ̀ sì máa yí, kí mọnítọ̀ ṣókùnkùn. Ó lè máa ké píì-píì. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó dákú lójijì. Ó sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa ṣùgbọ́n kí ó ka ráàmù gígábáìtì méjì sí ẹyọ kan.

Ti igbe ẹ̀rọ yìí gba àlàyé díẹ̀, nítorí pé ó jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè. Nínú ẹ̀rọ tí ó ń lo BIOS ti AMI, igbe kúkúrú kan, méjì tàbí mẹ́ta lè tọ́ka sí ráàmù. Nínú ti Award, igbe gígùn tí ó ń tún ara rẹ̀ ké ni ó tọ́ka sí ráàmù, nígbà tí igbe kúkúrú kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé àlàáfíà ni. Ìró kan náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe lè jẹ́ ohun kan lẹ́nu Ìjẹ̀bú kí ó sì jẹ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu Èkìtì. Àwọn ẹ̀rọ Dell kan kì í ké rárá, iná kéékèèké mẹ́rin tí a kọ A, B, C àti D sí lára ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ túmọ̀ igbe rẹ̀.

Àmì kan tún wà tí ó ń tan èèyàn jẹ. Windows oníbíìtì 32 kì í sábà lè lo gbogbo gígábáìtì mẹ́rin. A lè fi ráàmù mẹ́rin sí i kí ó fi 3.2 tàbí 3.5 hàn, tí kò sì sí ojú ihò kankan tí ó bàjẹ́. Bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan náà ní iye tí kò lè kọjá. Olùkọ́ tí kò mọ èyí yóò san owó àtúnṣe fún ara líle.

Nígbà tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí a pa ẹ̀rọ, kí a fa wáyà iná rẹ̀ yọ, kí a sì tẹ bọ́tìnì ìtanná rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí iná tí ó kù nínú rẹ̀ lè tán. Kí a fọwọ́ kan irin ara kéèsì kí iná ara wa má baà ba ráàmù jẹ́. Kí a ya àwòrán bí a ṣe bá gbogbo rẹ̀, fóònù ọwọ́ wa ti tó fún èyí. Lẹ́yìn náà, kí a yọ gbogbo ráàmù, kí a fi aṣọ mímọ́ tí a fi ọtí isopropyl díẹ̀ rẹ nu ìlà wúrà wọn, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá inú ihò, kí a sì fẹ́ eruku jáde. Rọ́bà tí ọmọléèwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń lò sí ìlà wúrà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ha wúrà náà díẹ̀díẹ̀, èérún rẹ̀ sì lè bọ́ sínú ihò, nítorí náà kí a má sọ ọ́ di àṣà. Kí a dá ráàmù padà títí tí ìkọ́ rẹ̀ yóò fi dún kà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ibí yìí ni ìṣòro ń parí sí, ráàmù ti yẹ̀ ni, kò sí ohun tí ó bàjẹ́.

Bí kò bá parí, ìwádìí gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí a pe ráàmù méjì ní Táíwò àti Kẹ́hìndé, kí a sì pe ojú ihò ní kìíní àti ìkejì. A ó fi Táíwò nìkan sí ojú ihò kìíní, a ó sì tan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà a ó yọ ọ́, a ó fi Kẹ́hìndé nìkan sí ibẹ̀ kan náà. Bí ẹ̀rọ bá tàn pẹ̀lú Táíwò tí kò tàn pẹ̀lú Kẹ́hìndé, ara Kẹ́hìndé ni kò yá. A kò ní ẹ̀sùn kankan sí ojú ihò. Bí ó bá tàn pẹ̀lú méjèèjì, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì dára, ojú ihò kìíní náà sì dára.

Ìgbà yìí ni ó tó kan ojú ihò kejì. Àṣìṣe tí a máa ń rí ni pé oníṣẹ́ yóò fi ojú ihò kìíní sílẹ̀ lófìfo, yóò ki ráàmù kan ṣoṣo bọ èkejì, bí ẹ̀rọ kò bá sì tàn, yóò ní ojú ihò kejì ti kú. Kò tíì dájú bẹ́ẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀dù kan wà tí kì í tàn rárá bí ojú ihò tí wọ́n yàn fún ìbẹ̀rẹ̀ bá ṣófo, bí wọ́n ti ṣe é nìyẹn. Nítorí náà, kí Táíwò wà ní kìíní kí Kẹ́hìndé wà ní ìkejì, kí a tan án. Kí a tún pààrọ̀ wọn, Kẹ́hìndé ní kìíní, Táíwò ní ìkejì. Bí ìṣòro bá wà nígbà méjèèjì, bí àpẹẹrẹ tí ẹ̀rọ bá ń ka ẹyọ kan péré ẹni yòówù tí ó wà ní ìkejì, ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ wa pé ìyọnu náà ń bọ̀ láti ìhà ojú ihò kejì. Bí ráàmù méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ojú ihò méjèèjì, tí wọn kò sì gbọ́ra wọn yé nígbà tí wọ́n bá jọ wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé iyàrá wọn ni kò bára mu. Bí kò bá sí èyí tí ó ṣiṣẹ́ níbikíbi, kí a gbé ojú kúrò lára ráàmù, kí a yẹ pọ́ọ̀ọ̀kì iná àti bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti babaláwo nígbà tí ó ń dìbò yóò rí i pé ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa: ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan, ìdáhùn méjì péré, títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi kù sí ojú kan.

A sọ pé "ìhà" ojú ihò kejì, a kò tíì sọ pé ojú ihò kejì. Láti ọdún 2003 nínú Athlon 64 ti AMD, àti láti ọdún 2008 nínú Core i7 ti Intel, ẹ̀yà tí ó ń darí ráàmù ti kúrò lára bọ́ọ̀dù, ó ti bọ́ sínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, irin kan tí ó tẹ̀ lábẹ́ ọpọlọ náà lè pa ojú ihò tí ó jìnnà sí i. Fáànù tí a de jù mọ́ orí ọpọlọ náà lè fà á. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ihò méjì tí ó wà lójú ọ̀nà kan náà ni ó kú pọ̀, abẹ́ ọpọlọ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Fún ẹ̀rọ tí ó ń tàn ṣùgbọ́n tí ó ń dákú, ètò àyẹ̀wò ráàmù wà. Memtest86, tí Chris Brady kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1994, ṣì wà títí di òní, Windows náà sì ti ní tirẹ̀ láti ìgbà Vista ní ọdún 2007. Àyẹ̀wò yìí lè gba wákàtí púpọ̀, kí a rí i pé iná yóò dúró kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sọ pé àṣìṣe wà, kì í sọ bóyá ráàmù tàbí ojú ihò ni. Ìpààrọ̀ Táíwò àti Kẹ́hìndé ni yóò sọ ìyẹn.

Nígbà tí ojú ihò bá kú ní tòótọ́, kò pọn dandan kí ẹ̀rọ bá a kú. Láti yọ ojú ihò kan kúrò lára bọ́ọ̀dù kí a sì jó tuntun mọ́ ọn, oníṣẹ́ yóò yọ́ òjé ẹsẹ̀ irin tí ó lé ní igba, owó iṣẹ́ náà sì lè ju owó bọ́ọ̀dù àlòkù lọ. Ọgbọ́n tí ó dára ni kí a ra ráàmù kan tí ó tóbi sí ojú ihò tí ó yè. Gígábáìtì mẹ́rin kan ṣoṣo yóò ṣe iṣẹ́ tí méjì-méjì ì bá ṣe, àyàfi pé iyàrá rẹ̀ yóò dín díẹ̀. Kí a lẹ bébà mọ́ inú kéèsì náà pé: "Ojú ihò kejì kò ṣiṣẹ́. Ẹ má fi ráàmù sí i." Bébà yìí ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ, nítorí pé olùkọ́ máa ń gba ìyípadà, ẹni tí ó bá sì dé lẹ́yìn wa lè má mọ̀.

Èdè Tí A Fi Ń Ṣe Ìwádìí Náà

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn mẹ́ta yìí:

(1) Kọ̀ǹpútà yìí kò tàn.
(2) Ráàmù ni ó bàjẹ́.
(3) Ojú ihò kejì ni ó bàjẹ́.

Gbólóhùn (1) jẹ́ ohun tí ojú rí. (2) àti (3) jẹ́ gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́. Iṣẹ́ tí "ni" ń ṣe nínú wọn ju kí ó pe àkíyèsí lásán lọ. Ó ń yọ àwọn yòókù sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wí pé "Ráàmù ni ó bàjẹ́" ti sọ láìfọwọ́ kàn án pé kì í ṣe ojú ihò, kì í ṣe pọ́ọ̀ọ̀kì iná, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀dù. Bí kò bá tíì pààrọ̀ ráàmù, kò ní ẹ̀tọ́ sí "ni" yẹn. Gbólóhùn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí kò ju "Ó lè jẹ́ ráàmù" tàbí "Bí a bá pààrọ̀ ráàmù tí ó sì tàn, a jẹ́ pé ráàmù ni" lọ. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ni a fi ń san gbèsè "ni" tí kò ní ẹ̀rí.

Àwọn ọ̀rọ̀ àyálò inú iṣẹ́ náà tún jẹ́ oko ọlọ́ràá fún ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì. Èdè Yorùbá kò fàyè gba ìsúpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì parí sílébù. Èyí ni a fi ń gbọ́ "sílọ́ọ̀tì" àti "bọ́ọ̀dù" lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Nínú "ráàmù", m tí a fi ètè pè ni ó fa u wá sí ìparí. Nínú "bọ́ọ̀dù", ó jọ pé fáwẹ̀lì roboto tí ó ṣáájú ni ó fa u. Ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì roboto ni ó ṣáájú nínú "sílọ́ọ̀tì" náà, i ni ó sì parí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá àkòrí àpilẹ̀kọ lè lọ kó irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ ní àwọn ìsọ̀ tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Òṣòdì.

Ní ti èdè-ìperí, a gba "ráàmù" wọlé bí ó ti wà. "Ìrántí" kò tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí pé ohun tí ó ń gbàgbé gbogbo nǹkan nígbàkúùgbà tí iná bá lọ kò yẹ lórúkọ yẹn. Àwọn kan lè fẹ́ pe ojú ihò rẹ̀ ní "àkọ̀". Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n àdá kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá wà nínú àkọ̀, bẹ́ẹ̀ inú ojú ihò nìkan ni ráàmù ti ń ṣiṣẹ́. "Ojú ihò" ni a lò nínú iṣẹ́ yìí, ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama sì lè lóye rẹ̀ láìsí àlàyé.

Lílò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Aròkọ ajẹmọ́-ìṣípayá ni ó bá ẹ̀kọ́ yìí mu jù. Olùkọ́ lè gbé kéèsì kan tí a ti fa wáyà rẹ̀ yọ sórí tábìlì, kí ó yọ ráàmù rẹ̀ kí ó sì dá a padà lójú akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn náà kí ó ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé. Yóò ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ wọn yóò fo ìgbésẹ̀ fífa wáyà yọ. Kí ó fi àmì sí i pẹ̀lú yẹ́ńkì pupa, kí ó sì bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó bá tẹ̀ lé aròkọ náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, iṣẹ́ ṣíṣe nìyí. Kọ̀ǹpútà kan tí a ṣe ní ọdún 2012, tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Core i3, ní ojú ihò mẹ́rin, DDR3 gígábáìtì kan-kan sì wà ní ìkọ̀ọ̀kan. Windows rẹ̀ jẹ́ oníbíìtì 64. Gígábáìtì méjì péré ni ó ń kà. Olùkọ́ ti pààrọ̀ gbogbo ráàmù, ó sì rí i pé èyí tí ó bá wà ní ojú ihò kejì àti ìkẹrin ni ẹ̀rọ kì í rí, ráàmù yòówù kí ó jẹ́. Ìwé ẹ̀rọ náà fi hàn pé ìkejì àti ìkẹrin wà lójú ọ̀nà kan náà. Oníṣẹ́ kan ti wí pé, "Ojú ihò méjèèjì ni ó kú, ẹ lọ ra bọ́ọ̀dù." Ní ìwọ̀n ọ̀rọ̀ 150, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà lórí ohun tí ó yẹ kí a wò kí owó tó jáde, kí ẹ má sì lo "ni" alátẹnumọ́ níbikíbi tí ẹ kò bá ní ẹ̀rí.